Òkun Kì í Hó Ruru Ká Wà á Ruru: Ìtàn Ìgúnlẹ̀ Ọkọ̀ ní Etí Òkun, láti Àgbádárìgì dé Port Harcourt

1.0 Ìfáárà

Bí òkun bá jẹ jáde nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, Olókun ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé: orò rẹ̀, oríkì rẹ̀, àti ọrọ̀ tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ohun tí kò wọ́pọ̀ ni àgbéyẹ̀wò òkun gẹ́gẹ́ bí ojú iṣẹ́, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi apá, ojú àti ọgbọ́n inú wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹyọ iṣẹ́ kan péré nínú iṣẹ́ inú òkun ni àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò. Iṣẹ́ náà ni mímú ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá wá sí orí yanrìn láìfọ́ ọkọ̀, láìsọ ẹrù nù, láìpa ènìyàn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn wo ni ó mọ iṣẹ́ yìí ní etí òkun tí ó kan ilẹ̀ Yorùbá? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Kí ni ó sì sọ iṣẹ́ náà di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí mọ́? Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kan onímọ̀ ìtàn, ó sì kan onímọ̀ èdè pẹ̀lú, nítorí pé ibi tí iṣẹ́ bá parẹ́ sí ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà máa ń parẹ́ sí.

Port Harcourt ni ó dára kí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni òdìkejì rẹ̀ ti hàn gbangba. Rumuola jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìletò Ikwerre tí ìlú ńlá náà ti gbà mọ́ra. ‘Rumu’ tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ọmọ tàbí ìran, gẹ́gẹ́ bí ‘ọmọ’ ṣe ń ṣe nínú orúkọ ilẹ̀ Yorùbá bíi Ọmọ́ọ̀lú. Ènìyàn lè gbé Rumuola fún ogún ọdún, kí ó máa rí àpótí ẹrù ńláńlá tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé ti èbúté bọ̀ lójoojúmọ́, kí ó má sì gbọ́ ìró ìgbì òkun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èbúté ìlú náà wà lórí odò Bonny, ó sì jìnnà sí òkun gidi tó ọgọ́ta kìlómítà àti lé díẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ni ó ń wọ inú odò lọ bá ilẹ̀. Ilẹ̀ kò ní kí ọkọ̀ kékeré lọ pàdé ọkọ̀ ńlá lójú ìgbì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá ní Èkó, ní Àgbádárìgì, ní Ouidah, ní Lomé tàbí ní Àkrà. Ìyàtọ̀ yìí ni ó bí gbogbo ìtàn tí ó tẹ̀lé e.

2.0 Ìrísí Etí Òkun Náà

Láti ẹnu odò Volta ní ilẹ̀ Gánà títí dé Èkó, etí òkun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gún gbọọrọ bí okùn. Kò sí orí ilẹ̀ tí ó yọ sínú òkun láti dá ìgbì dúró, kò sì sí kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ lè fara pamọ́ sí. Yanrìn ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn yanrìn yìí ni ọ̀sà wà, omi tí ó pa rọ́rọ́, tí ó sì bá òkun rìn ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ fún ọ̀nà jíjìn.

Ìgbì tí ó ń fọ́ sí etí òkun yìí kì í ṣe ọmọ afẹ́fẹ́ àdúgbò. Ìjì tí ń jà ní ìhà gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí ibẹ̀, ni ó ń bí i. Ìdí nìyí tí òkun fi lè máa hó ní Àgbádárìgì lọ́jọ́ tí ewé kò mì lórí igi àgbọn. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá jìn, ìgbì náà kàn ń gbé ojú omi sókè ni, á sì tún rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi tí ìjìnlẹ̀ omi kò ju gíga ìgbì náà lọ púpọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ ilẹ̀, orí rẹ̀ á ṣíwájú ara rẹ̀, á sì dà wó. Níbi tí òkìtì yanrìn bá wà lábẹ́ omi, ìgbì lè fọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dé ilẹ̀ gbígbẹ. Oṣù Kárùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án ni ó sábà máa ń le jù. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń rọ̀ díẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹni tí ó bá dúró wo òkun náà fún wákàtí kan yóò rí: ìgbì kì í wá ní ìwọ̀n kan náà. Ó máa ń wá ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Àwọn ńláńlá á tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn náà ni àwọn kékeré á dé, òkun á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Inú àlàfo yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ìgúnlẹ̀ wà. Òwe Yorùbá tí ó ní ‘òkun kì í hó ruru ká wà á ruru’ ni àwọn ènìyàn ń lò lónìí fún ìjà ẹbí àti ọ̀rọ̀ ìṣèlú, pé kí ènìyàn má fi ìbínú pàdé ìbínú. Ṣùgbọ́n fún atukọ̀, òfin iṣẹ́ gan-an ni. Ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ wọ ìgbì nígbà tí òkun ń hó, ọkọ̀ rẹ̀ yóò fọ́. Ẹni tí ó bá ní sùúrù títí àlàfo fi dé, yóò gúnlẹ̀.

3.0 Àwọn Wo Ni Ó Mọ Iṣẹ́ Náà?

Ó lè ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu pé, ní gbogbo ìgbà òwò ojú òkun láyé àtijọ́, àwọn ará ilẹ̀ tí ó wà láàárín Ouidah àti Èkó kọ́ ni ó ń wa ọkọ̀ la ìgbì ní pàtàkì. Ọ̀sà ni wọ́n mọ̀. Robin Law, nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1989 lórí òkun àti ọ̀sà ní apá ibẹ̀, fi hàn pé láti ilẹ̀ Gánà òde òní ni àwọn oníṣòwò Òyìnbó ti ń gba atukọ̀. Àwọn Fántì, àwọn ará Elmina àti ti Cape Coast ni wọ́n ń gbà, pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, láti bá wọn lọ sí Ouidah. Pieter de Marees, ará Họ́láńdì, ti kọ nípa ọkọ̀ àwọn ará etí òkun Gánà nínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1602. Thomas Phillips, ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń jẹ́ Hannibal, tí ó dé Ouidah ní ọdún 1694, sọ bí ìgbì ibẹ̀ ṣe léwu tó àti bí ó ṣe gbára lé àwọn atukọ̀ tí ó gbà ní Gánà.

Àwọn kan ti rò pé àìmọ̀kan tàbí èèwọ̀ nìkan ni kò jẹ́ kí àwọn ará apá ìlà-oòrùn wọ òkun. Èrò yìí kò dúró dáadáa. Ọ̀nà wà lórí ọ̀sà: ẹja wà níbẹ̀, ọjà wà ní etí rẹ̀, ogun sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ ogun Èkó ń rìn lórí ọ̀sà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, orí ọ̀sà ni ó gbà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ó ní ọ̀nà tí ó tẹ́jú lẹ́yìn ilé kò ní ìdí láti lọ máa gun òkè iwájú ilé. Àwọn ará etí òkun Gánà kò ní irú ọ̀sà gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Òkun ni oko wọn. Ọgbọ́n, nígbà náà, tẹ̀lé ohun tí ilẹ̀ fúnni àti ohun tí ilẹ̀ dù wọ́n.

Àwọn atukọ̀ tí wọ́n gbà yìí kò padà lọ tán. Aného, ní ilẹ̀ Tógò, jẹ́ ìlú tí àwọn atukọ̀ láti ilẹ̀ Fántì àti àwọn Gã tí wọ́n sá fún ogun Akwamu ní nǹkan bí ọdún 1680 kópa nínú títẹ̀dó rẹ̀. Àwọn ará ìhà Tógò yìí ni Yorùbá ń pè ní Àgànyìn, tí orúkọ wọn kù sára ẹ̀wà àgànyìn lónìí. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn Ewe láti agbègbè Keta náà bá àwọ̀n ńlá wọn dé etí òkun Àgbádárìgì, wọ́n sì pa àgọ́ síbẹ̀. Lápá ìlà-oòrùn Èkó, àwọn Ìlàjẹ ni Yorùbá tí òkun mọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n etí òkun tiwọn yàtọ̀: ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ sì máa ń pa agbára ìgbì kí ó tó dé ilẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ òkun wà lọ́wọ́ Yorùbá. Ìmọ̀ ìgbì tí ó ń fọ́ sórí yanrìn ni wọ́n pín pẹ̀lú àwọn àlejò tí wọ́n di ará ilé.

4.0 Bí Ọkọ̀ Ṣe Ń Gúnlẹ̀

Ọkọ̀ ńlá àwọn Òyìnbó máa ń ju ìdákọ̀ró sínú omi jíjìn, lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ kékeré tiwọn nínú ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ìgbà gbogbo kọ́ ni wọ́n lè lò ó. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe kàn án. Igi gígùn kan máa ń yọ sí ìsàlẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìtọ́kọ̀ sì máa ń kọ́ sí ìdí rẹ̀ lẹ́yìn. Nínú omi jíjìn, nǹkan méjèèjì yìí dára púpọ̀, nítorí pé wọ́n ń mú ọkọ̀ rìn tààrà. Lórí yanrìn, ọ̀tá ni wọ́n. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á kọ ilẹ̀ nígbà tí ìgbì ṣì ń ti orí rẹ̀, ọkọ̀ á yí ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì, á sì dojú dé. Ìtọ́kọ̀ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ kán.

Ọkọ̀ àwọn Fántì yàtọ̀. Igi ńlá kan, bí irú àràbà, ni wọ́n ń gbẹ́ inú rẹ̀ jáde. Kò sí ohun kankan tí ó yọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fún iṣẹ́ inú ìgbì, wọ́n máa ń fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ àti iwájú rẹ̀ sókè kí omi má baà tètè wọ inú rẹ̀. Kò sí ìtọ́kọ̀ tí ó kọ́ mọ́ ọn; àjẹ̀ gígùn tí atọ́kọ̀ mú lọ́wọ́ ní ìdí ọkọ̀ ni ìtọ́kọ̀ rẹ̀, ó sì lè fà á sókè nígbàkigbà tí ó bá fẹ́. Iye ènìyàn tí ó ń wà á ni wọ́n fi ń sọ bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó: ọkọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, ẹlẹ́ni méje, ẹlẹ́ni mọ́kànlá, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọkọ̀ bá gbẹ́rù lọ́dọ̀ ọkọ̀ ńlá, kì í sáré lọ sí etí òkun. Yóò dúró lẹ́yìn ibi tí ìgbì àkọ́kọ́ ti ń fọ́. Atọ́kọ̀ á dìde dúró, á kọ ojú sí ẹ̀yìn, nítorí pé ẹ̀yìn ni ewu ti ń bọ̀. Á máa ka ìgbì. Àwọn atukọ̀ á kàn máa fi àjẹ̀ dá ọkọ̀ dúró sójú kan. Bí ìgbì ńlá tí ó kẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ bá kọjá lábẹ́ wọn, á ké sí wọn, gbogbo wọn á sì fi agbára kan wa ọkọ̀ tẹ̀lé ẹ̀yìn ìgbì náà. Ohun pàtàkì ibẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ìgbì ni ọkọ̀ ń tẹ̀lé. Kì í ṣe iwájú rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá wà níwájú ìgbì, ìgbì á sọ ọ́ bí ọ̀kọ̀, imú rẹ̀ á gún ilẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá wà lẹ́yìn ìgbì, omi tí ó ti fọ́ tán ni yóò gbé e wọlé.

Iṣẹ́ kò tíì parí nígbà tí ìdí ọkọ̀ bá kan yanrìn. Ìgbà yẹn gan-an ni ó léwu jù, nítorí pé ọkọ̀ ti dúró, òkun kò sì dúró. Àwọn atukọ̀ á fò sílẹ̀, wọ́n á di ọkọ̀ mú kí ó má yí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á sì wọ́ ọ gòkè kí ìgbì tí ó ń bọ̀ tó dé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé ẹrù lórí, wọ́n á sì pọn èrò tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun tutù. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó ń dára. Ọkọ̀ máa ń dojú dé, ẹrù máa ń lọ, ẹkùn inú omi, èyí tí í ṣe ẹja ṣáàkì, sì máa ń wà nítòsí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń san apá kan owó àwọn atukọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé.

5.0 Ohun Tí Wọ́n Gbé Kọjá

Kò ní bójú mu kí ẹnikẹ́ni yin ọgbọ́n yìí láìsọ ohun tí wọ́n lò ó fún. Fún ohun tí ó lé ní ọ̀rúndún kan àti àbọ̀, ènìyàn ni ẹrù pàtàkì tí ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbé jáde láti Ouidah, Àgbádárìgì àti Èkó. Phillips kan náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú máa ń fò láti inú ọkọ̀ sínú òkun, nítorí pé wọn kò fẹ́ fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ọwọ́ tí ó mọ bí ọkọ̀ kò ṣe ní dojú dé ni ó gbé wọn lọ. Ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ kì í sábà mọ́ tónítóní. Ti èyí kò mọ́.

Àjàyí Crowther jẹ́ ẹlẹ́rìí pàtàkì. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837, ó sọ bí ẹ̀rù omi ṣe bà á nígbà tí wọ́n ń mú un lọ sí Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹrú, tí kò lè dá wọ inú ọkọ̀, títí ẹnì kan fi gbé e sí àárín àpò àgbàdo. Ọmọ ìlú òkè ni; kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ Pọtogí tí ó gbé e, wọ́n sì mú un lọ sí Sàró. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1845, ọkùnrin kan náà tún padà wá, òun àti Henry Townsend àti C. A. Gollmer, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ṣíwájú wọn débẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Clapperton ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1825, àwọn ọmọ ìyá Lander sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1830. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà: láti inú ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré, láti inú ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá sí orí yanrìn Gbẹ̀rẹ̀fù, láti orí yanrìn sí etí ọ̀sà, kí wọ́n tó wá wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí ìlú.

Èyí kan gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843, òkun ni ó gbà dé ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Townsend gbé kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1854, tí ó sì fi bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859, kò lè gba ibòmíràn wá ju etí òkun lọ. Nínú gbogbo ohun tí àwọn òpìtàn lítíréṣọ̀ Yorùbá ti kọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ, orúkọ olùtumọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ìránṣẹ́ Ọlọ́run wà níbẹ̀, orúkọ ọba wà níbẹ̀. Orúkọ atọ́kọ̀ kò sí. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣi ìgbì kà ní ọjọ́ kan péré, òjé tí wọ́n fi ń to lẹ́tà ìwé ì bá wà ní ìsàlẹ̀ òkun.

6.0 Ògiri Òkúta, Afárá Irin àti Odò Bonny

Ohun tí ó pa iṣẹ́ yìí run díẹ̀díẹ̀ ni ìgbìyànjú ìjọba láti mú ọkọ̀ ńlá dé ilẹ̀ gan-an. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni afárá irin tí wọ́n nà láti etí òkun kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Àwọn Faransé ṣe é ní Kútọnu láti ọdún 1891, àwọn Jámánì sì ṣí tiwọn ní Lomé ní ọdún 1904. Òkun ba apá kan ti Lomé jẹ́ ní ọdún 1911. Ní Kútọnu, ọdún 1965 ni èbúté gidi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Lomé, ọdún 1968 ni.

Ọ̀nà kejì ni ti Èkó. Èkó ní ẹnu ọ̀nà sínú ọ̀sà, ṣùgbọ́n òkìtì yanrìn dí i lábẹ́ omi, débi pé omi orí rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Forcados ni ọkọ̀ ńlá ti ń já ẹrù Èkó sílẹ̀, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e padà wá sí Èkó. Láti nǹkan bí ọdún 1907, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri òkúta sínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà náà, ẹ̀rọ sì ń kó yanrìn jáde. Ní ọdún 1914, ọkọ̀ ńlá tí ń gbé lẹ́tà ti ń wọlé tààrà. Ní ọdún 1926, wọ́n ṣí èbúté Àpápá. Ṣùgbọ́n òkun gba owó tirẹ̀. Yanrìn tí ìṣàn omi máa ń kó láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ó ń kó jọ sí ìhà kan ògiri náà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ní ìhà kejì, ní Victoria Island.

Ọ̀nà kẹta ni ti Port Harcourt, òun ni ó sì rọrùn jù: kí wọ́n wá ibi tí ìgbì kò dé rárá. Àwọn odò ìhà Niger Delta jìn, ọkọ̀ ńlá sì ti ń wọ odò Bonny láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1912, wọ́n yan ibì kan lórí odò náà. Ní ọdún 1913, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Diobu, Lugard sì fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tí ó ń ṣe àkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn nígbà náà ní Ìlú Ọba, pe ibẹ̀. Ní ọdún 1916, ojú irin ti ń gbé èédú láti Enugu débẹ̀. Bí Port Harcourt ṣe ń gbòòrò láti ìgbà náà ni ó ń gba àwọn ìletò Ikwerre bíi Rumuola mọ́ra. Èyí túmọ̀ sí pé ìlú náà wà níbi tí ó wà nítorí pé àwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó fẹ́ yẹra fún iṣẹ́ tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ nípa rẹ̀.

Ní Àkrà ni iṣẹ́ náà ti pẹ́ jù. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ṣí èbúté Takoradi ní ọdún 1928, ọkọ̀ kékeré ni ó ń gbé ẹrù la ìgbì Àkrà kọjá títí èbúté Tema fi ṣí ní ọdún 1962. Àga bí apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ èrò kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré.

7.0 Ọkọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Òde Òní

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ìmọ̀ yìí ti di ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò tíì wo bí àwọn tí ń fi ọkọ̀ ṣeré ìdárayá lónìí ṣe ń gúnlẹ̀. Irú ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní kayak, tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn Inuit tí ń ṣọdẹ nínú òtútù ìhà àríwá ayé. Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ Hobie ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ènìyàn fi ń wa kayak pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ á máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì tì í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́bẹ́ méjì bí ti ẹja á sì máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ọkọ̀. Ó ní ìtọ́kọ̀, wọ́n sì lè fi ìgbòkun kún un.

Lójú omi, ohun èlò rere ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ọkọ̀ kan ilẹ̀, ìṣòro ọkọ̀ Òyìnbó ayé àtijọ́ á tún padà dé: àwọn nǹkan kan yọ sí ìsàlẹ̀, wọn yóò sì kọ́kọ́ kan yanrìn. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wà yóò dúró lẹ́yìn ìgbì gẹ́gẹ́ bí atọ́kọ̀ Fántì ṣe ń dúró. Yóò ká ìgbòkun mọ́ òpó rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà darí ọkọ̀ fún un. Yóò so gbogbo ohun tí kò dúró sójú kan mọ́lẹ̀. Yóò pa lẹ́bẹ́ méjèèjì mọ́ abẹ́ ọkọ̀ tàbí kí ó yọ ẹ̀rọ náà jáde pátápátá. Bí pátákó kan bá wà tí ó gún sínú omi láàárín ọkọ̀, yóò fà á sókè. Ìtọ́kọ̀ ni yóò gbé sókè kẹ́yìn, nítorí pé bí ó bá tètè gbé e, ọkọ̀ kò ní gbọ́ràn mọ́. Láti ìgbà náà lọ, àjẹ̀ ọwọ́ ni yóò fi wà á, tí yóò sì fi tọ́ ọ. Yóò ka ìgbì, yóò kọ ìdí ọkọ̀ sí òkun, yóò sì tẹ̀lé ẹ̀yìn ìgbì wọlé.

Bí omi bá dé orúnkún, yóò sọ̀kalẹ̀ ní ìhà òkun. Kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí àárín ọkọ̀ àti etí òkun. Ìwọ̀n omi tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì jìn ní mítà kan wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Ọkọ̀ tí omi bá kún inú rẹ̀, tí ìgbì sì tì, lè ṣẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, yóò wọ́ ọ gòkè, yóò sì fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan yanrìn kúrò nínú ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí pé yanrìn ni ó ń jẹ irin àti rọ́bà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Gbogbo ohun tí ẹlẹ́rọ òde òní gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó gúnlẹ̀ ni láti sọ ọkọ̀ rẹ̀ di ọkọ̀ onígi gbígbẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀: kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, kí òkè rẹ̀ fúyẹ́, kí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn. Ohun tí àwọn kan ti pè ní ọkọ̀ aláìlàjú ti yanjú ìṣòro náà kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

8.0 Èdè àti Ìgúnlẹ̀

Bí a bá wo àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún iṣẹ́ yìí, a ó rí i pé èdè náà jẹ́rìí sí ìtàn tí ó wà lókè yìí. Èbúté ni ọ̀rọ̀ fún ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n Èbúté-Mẹ́ta àti Èbúté-Èrò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní Èkó, ọ̀sà ni wọ́n kọjú sí, wọn kò kọjú sí òkun. Àjẹ̀, ìtọ́kọ̀, ìgbòkun àti ìdákọ̀ró wà. Wọ́n ṣe kedere, wọ́n sì wúlò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó wọ́pọ̀ ni ìgbì, yálà ó ń yí lójú omi jíjìn tàbí ó ń fọ́ sórí yanrìn. Ẹni tí ó ń ka ìgbì kò lè ṣe kí ó má ní orúkọ fún èyí tí ó ṣeé tẹ̀lé àti èyí tí ó ń pani, fún àlàfo àárín wọn, àti fún omi tí ń fà padà sínú òkun. Bí àwọn orúkọ wọ̀nyí bá wà, ẹnu àwọn apẹja ni wọ́n wà: àwọn Ìlàjẹ, àwọn Àwórì etí òkun, àwọn Ẹ̀gùn Àgbádárìgì àti àwọn Ewe tí ń gbé láàárín wọn.

Àkókò kò sì pọ̀ mọ́. Èbúté omi jíjìn ti Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023. Òkun ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò, ìlú tí àwọn Ìlàjẹ tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Ibi tí apẹja ti ń wọ́ ọkọ̀ gòkè ń dín kù, ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ti ń gba ipò àjẹ̀. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣe kò ju kí wọ́n lọ sí etí òkun pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí wọ́n jókòó ti àwọn atọ́kọ̀, kí wọ́n sì béèrè orúkọ nǹkan.

Ìgúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pe ìparí àpilẹ̀kọ. Ọ̀dọ̀ atukọ̀ ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà, gbèsè rẹ̀ sì ṣì wà nílẹ̀.